Ẹni tó ni Liverpool, kòkó Ìdànrè, àti bí a ṣe ń ka ìwé èrè managed futures

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Houston pè mí lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan. Liverpool ni wọ́n ń ṣe, ṣíṣe ọ̀hún sì le. Bí wọ́n bá na Liverpool, ẹ má wulẹ̀ pè wọ́n títí di ọjọ́ Ajé. "Ṣé ìwọ mọ̀ pé managed futures ni ọkùnrin tó ni Liverpool fi di olówó?" Mo ní mo mọ̀. Wọ́n ní ẹnì kan ti gbé ìwé irú àpò ìdókòòwò bẹ́ẹ̀ wá bá àwọn níbi iṣẹ́, pé ní 2022 tí ṣéà àti bọ́ǹdì, ìyẹn ìwé gbèsè tí ìjọba àti ilé-iṣẹ́ ń tà, jọ ń já lulẹ̀, ńṣe ni àpò náà ń gun òkè. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá kí àwọn mú díẹ̀ nínú owó ìfẹ̀yìntì àwọn síbẹ̀. Mo ní kí wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́ sí mi. Ojú ewé méjì péré ni, ó ń dán gbinrin, ilà aláwọ̀ búlúù kan sì wà nínú rẹ̀ tó ń gòkè láti igun òsì lọ sí igun ọ̀tún. Ohun tí èmi àti ẹ̀gbọ́n jọ wò nínú ìwé yẹn ni mo fẹ́ kọ síbí, nítorí kì í ṣe àwọn nìkan ni irú ilà bẹ́ẹ̀ ń wọ̀ lójú.

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ Liverpool. Ọmọ àgbẹ̀ tó ń gbin sóyà ní Amẹ́ríkà ni John W. Henry. Nídìí àgbàdo, àlìkámà àti sóyà ló ti kọ́ bí àgbẹ̀ ṣe ń lo ọjà futures láti fi dáàbò bo iye tí irè oko rẹ̀ máa tà, ló bá sọ ọ́ di òwò, ó sì dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1981. Òfin rẹ̀ kò ṣòro: ohun tó bá ń gbówó lórí, rà á, ohun tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, tà á, bó o bá rí i pé o ti ṣìnà, tètè jáde. Òwò yìí ló gbé e débi tó fi lè ra ẹgbẹ́ béèsìbọ́ọ̀lù Boston Red Sox ní 2002, tí òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe é sì fi 300 mílíọ̀nù pọ́n-ùn ra Liverpool ní 2010.

Apá tí ẹni tó gbé ìwé wá kò sọ fún ẹ̀gbọ́n nìyí. Ilé-iṣẹ́ Henry kan náà, tó ti bójú tó owó tó lé ní bílíọ̀nù 2 dọ́là rí, kó sínú àdánù tó le láàárín 2005 sí 2007. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó wọn lọ, nígbà tí 2012 sì fi máa parí, Henry ti jáwọ́ nínú bíbójú tó owó ẹlòmíì. Ọkùnrin kan náà ni o, òfin kan náà ni. Ó lówó, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó gbé owó fún un kò lówó bẹ́ẹ̀. Ìdí tí ọ̀rọ̀ fi rí bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ohun tí ó yẹ kéèyàn mọ̀ kó tó ka ilà búlúù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń tà. Àwọn bàbá wa tó ń ṣe kòkó ní Ìdànrè àti Oǹdó mọ òwò kan dáadáa, ìyẹn títa kòkó kí kòkó tó pọ́n. Oníkòkó, ìyẹn ẹni tó ń ra kòkó, á wá nínú oṣù Keje, owó ilé-ìwé ọmọ á wà lọ́rùn àgbẹ̀, wọ́n á jọ fẹnu kò sí iye kan lórí kòkó tí yóò wọ àpò ní oṣù Kẹwàá. Bí owó kòkó bá gòkè kó tó di oṣù Kẹwàá, oníkòkó ló jẹ ẹ́. Bó bá wálẹ̀, àgbẹ̀ ló ta ọgbọ́n. Àdéhùn futures kò jìnnà sí èyí. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ilé-ọjà ńlá ní New York tàbí London ló dúró láàárín àwọn méjèèjì, pé tọ́ọ̀nù 10 gééré ni àdéhùn kòkó kan, àti pé kò sí ẹni tó ń sanwó ọjà sílẹ̀: olùrà àti olùtà ló ń fi owó ìdúró díẹ̀ sílẹ̀, ní alaalẹ́ ni wọ́n sì ń ṣírò, tí owó ń ti ọwọ́ ẹni tó pàdánù lójọ́ náà bọ́ sí ọwọ́ ẹni tó jèrè. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní fojú kan èso kòkó láyé. Èèyàn sì lè ta ohun tí kò ní, kó máa retí pé owó rẹ̀ yóò wálẹ̀ kí òun tó rà á padà.

Àpò managed futures ni èyí tí máníjà kan kó owó ọ̀pọ̀ èèyàn jọ sí, tó ń fi ṣe irú àdéhùn báyìí lórí kòkó, epo rọ̀bì, wúrà, àlìkámà, bọ́ǹdì ìjọba Amẹ́ríkà, owó Japan, àní lórí ìwọ̀n ọjà ṣéà pàápàá. Kì í ṣe nǹkan àná. Richard Donchian ti dá irú rẹ̀ tó kọ́kọ́ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà láti 1949. Lóde òní, kọ̀ǹpútà ló ń ṣe púpọ̀ nínú ìpinnu rẹ̀, ìlànà Henry náà sì ni púpọ̀ nínú wọn ṣì ń lò: tẹ̀lé ibi tí ọjà ń lọ. Nígbà tí owó kòkó ní New York kúrò ní nǹkan bí 4,000 dọ́là lórí tọ́ọ̀nù kan ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, tó kọjá 11,000 ní oṣù Kẹrin, tó tún kọjá 12,000 ní oṣù Kejìlá, àwọn tó ń tẹ̀lé ọjà bá a gòkè. Ẹ rántí 2014 náà. Agbá epo rọ̀bì kan lé ní 100 dọ́là ní àárín ọdún yẹn; nígbà tí oṣù Kìíní 2015 fi máa dé, kò pé 50 mọ́. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ wa, owó oṣù òṣìṣẹ́ dúró gbagidi. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta epo tí wọn kò ní, ọdún ìkórè ni.

Ní báyìí, ìwé ẹ̀gbọ́n. Ohun tí mo kọ́kọ́ wò ni ibi tí ilà náà ti bẹ̀rẹ̀. Oṣù Kìíní 2020 ni. Ẹ̀gbọ́n ní kí ló burú níbẹ̀. Mo ní kò sí ohun tó burú, àfi pé àpò náà ti wà tipẹ́ ṣáájú 2020, ilà náà kò sì sọ ibi tó wà nígbà yẹn.

Òwò yìí kì í pín èrè rẹ̀ dọ́gba-dọ́gba láti ọdún dé ọdún. Ní 2008 tí ọjà ṣéà Amẹ́ríkà pàdánù 37%, àwọn ìwọ̀n tó ń kó iṣẹ́ àwọn managed futures ńlá jọ jèrè nǹkan bí 13%. Ní 2022, ṣéà pàdánù 18%, bọ́ǹdì pàdánù 13%, wọ́n sì jèrè nǹkan bí 20%. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta àpò yìí fún yín, ọdún méjèèjì yìí ló máa mú wá, bí ìyá ìyàwó ṣe ń mú fọ́tò ọmọ rẹ̀ tó dára jù jáde. Ọdún tó wà láàárín wọn ńkọ́? Wọ́n pàdánù ní 2011, wọ́n tún pàdánù ní 2012, 2013 kò mú nǹkan gidi wá, ìgbà tí epo já lulẹ̀ ní 2014 ni ara tó tù wọ́n, lẹ́yìn náà ni ọ̀gbẹlẹ̀ mìíràn tún dé. Ẹni tó rí èrè 2008, tó sáré wọlé ní 2009, ọdún márùn-ún ló fi jókòó sí oòrùn. Nítorí náà, ẹ má gba ilà tí kò bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí àpò náà ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ sì béèrè èrè oṣooṣù, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi tọdọọdún nìkan bò yín lójú. Oṣù kan burúkú lè fara pamọ́ sínú ọdún tó dára.

Ohun kejì ni owó tó ń sùn. Mo ti sọ pé owó ìdúró lásán ni àdéhùn futures ń fẹ́. Nínú àpò 100 dọ́là, ó lè má ju 10 tàbí 20 dọ́là lọ tó wà nídìí àdéhùn. Inú treasury bill ìjọba Amẹ́ríkà, ìyẹn gbèsè ọlọ́jọ́ kúkúrú tí ìjọba ń yá, ni ọ̀pọ̀ ìyókù sábà máa ń wà, tó ń jẹ èlé. Èlé yìí a máa wọ inú èrè tí wọ́n ń kéde. Ní 2023, treasury bill Amẹ́ríkà ń san nǹkan bí 5%. Àpò tó bá wá sọ lọ́dún yẹn pé òun jèrè 6%, ìjọba ló fún un ní 5, ọgbọ́n máníjà kò mú ju 1 wá. Ṣùgbọ́n 6% ní 2013, nígbà tí treasury bill kò san nǹkankan, iṣẹ́ gidi ni. Nọ́ńbà kan náà, ìtumọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Ẹ yọ èlé treasury bill ọdún kọ̀ọ̀kan kúrò kí ẹ tó pàtẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n, tó jẹ́ pé wọ́n máa ń ra treasury bill tiwọn fúnra wọn lórí fóònù, dákẹ́ díẹ̀ nígbà tí mo sọ èyí.

Owó iṣẹ́ ni ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù, nítorí ibẹ̀ ni èrè púpọ̀ ń gbà lọ láì pariwo. Àṣà àtijọ́ nínú òwò yìí ni "méjì àti ogún": 2% gbogbo owó yín lọ́dọọdún, yálà wọ́n jèrè tàbí wọn kò jèrè, àti 20% èrè. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí ìgbà tí a bá jókòó ti ìyá olójà. Ká sọ pé ẹ fi 100,000 dọ́là sílẹ̀, tí òwò àti èlé sì jọ mú 10,000 wá. Wọ́n á kọ́kọ́ yọ 2,000 ti máníjà. Owó alágbàtà, ti aṣírò-owó àti àwọn ìnáwó kéékèèké, ká fi í sí 1,000. Ó ku 7,000. Ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ 1,400, ìyẹn náà lọ. Ó ku 5,600 sọ́wọ́ yín. Bí treasury bill bá ń san 4% lọ́dún yẹn, ẹ̀yin nìkan ì bá ti rí 4,000 láì dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Nítorí náà, gbogbo kòkó, gbogbo epo, gbogbo kọ̀ǹpútà, àti gbogbo àìsùn oṣù burúkú, 1,600 ló fi kún un fún yín. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ náà gbé 4,400. Ẹ tún wò ó dáadáa: nínú 1,400 tí wọ́n gbà bí ẹ̀bùn èrè, apá kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé orí èlé treasury bill ni wọ́n ti gbà á. Àwọn máníjà kan kì í ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń yọ èlé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́kọ́. Ìbéèrè tó dára ni kéèyàn bi wọ́n.

Kì í ṣe àbá tèmi nìkan. Ní 2013, ìwé ìròyìn Bloomberg Markets yẹ àpò managed futures 63 wò, láti 2003 títí dé òpin 2012. Èrè tó tó 11.5 bílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n pa kí wọ́n tó yọ owó. Nígbà tí wọ́n yọ owó iṣẹ́ àti ìnáwó tán, 89% rẹ̀ ti lọ. Àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta, Bhardwaj, Gorton àti Rouwenhorst, náà tú àkọsílẹ̀ 1994 sí 2012 wò: kí wọ́n tó yọ owó iṣẹ́, àwọn máníjà yìí fi nǹkan bí 6.1% lọ́dún lé èrè treasury bill. Lẹ́yìn tí wọ́n yọ ọ́, ohun tó kan oníbàárà jẹ́ 1.8%. Iṣẹ́ náà ń mówó wọlé, àwa kọ́ ló ń kó o lọ sílé. Lóòótọ́, owó iṣẹ́ ti wálẹ̀ láti ìgbà yẹn, àwọn àpò kan tó wà lórí ọjà gbangba báyìí kì í gba ìdá ogún rárá, ìnáwó wọn lápapọ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju 1% lọ. Èyí náà jẹ́ ìdí kan tí kò fi yẹ kéèyàn san ti àtijọ́ láì béèrè.

Nǹkan kan wà nínú owó iṣẹ́ tó dáàbò bo oníbàárà: àmì ibi tí omi kún dé. Bí àpò yín bá kúrò ní 100 tó dé 130, máníjà á gba tirẹ̀ lórí 30 náà. Bó bá wá já sí 104, tó tún gòkè padà sí 125, kò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ ẹ̀bùn èrè, nítorí omi kò tíì kọjá àmì 130. Ó dára. Àmọ́ ẹ kíyè sí máníjà tó bá pa àpò tó jìn sí kòtò tì, tó wá ṣí òmíràn lórúkọ tuntun. Àmì àtijọ́ bá àpò àtijọ́ kú nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kòtò ló kàn. Bí 100 bá di 80, ẹ ti pàdánù 20%, ṣùgbọ́n 25% lẹ ó jèrè kẹ́ ẹ tó padà sí 100. Bó bá di 50, ó di dandan kí owó yín di ìlọ́po méjì kẹ́ ẹ tó bọ́ sí ibi tẹ́ ẹ wà tẹ́lẹ̀. Nítorí náà ni èmi ṣe ń wo ìjìnlẹ̀ kòtò kí n tó wo gíga òkè, tí mo sì ń wo iye oṣù tí wọ́n fi wà nínú rẹ̀. Kòtò 15% tí wọ́n jáde nínú rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, èèyàn lè fara dà á. Kòtò 15% kan náà tó gba ọdún mẹ́rin, ìgbéyàwó ọmọ àti owó ilé ìwòsàn á ti bá yín níbẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà fi dandan lé e kí ìwé àlàyé àwọn àpò tó wà lábẹ́ CFTC, àjọ tó ń ṣọ́ ọjà futures, sọ oṣù tó burú jù àti kòtò tó jìn jù láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ojú ewé méjì aláràbarà yẹn kọ́ ni ìwé àlàyé. Ìwé nípọn kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ gbà á. Kẹ́ ẹ sì tó ka nọ́ńbà kòtò náà, ẹ fi àádọ́ta lórí ọgọ́rùn-ún lé e lọ́kàn yín. Àwọn àgbà inú òwò yìí máa ń sọ pé iwájú ni kòtò tó jìn jù wà.

Wàyí o, ìdí tí Henry fi lówó tí àwọn oníbàárà rẹ̀ kò fi lówó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo àpò kan tó ní 10 mílíọ̀nù dọ́là. Ọdún kìíní, ó jèrè 40%, ó di 14 mílíọ̀nù. Ìròyìn kàn, ìwé ìròyìn gbé fọ́tò máníjà, èèyàn tò lẹ́nu ọ̀nà, 90 mílíọ̀nù tuntun wọlé. Àpò di 104 mílíọ̀nù. Ọdún kejì, ó pàdánù 20%, ó ku 83.2 mílíọ̀nù. Ìwé àpò náà á sọ pé: ọdún méjì, èrè 12%. Irọ́ kọ́ ni. 100 dọ́là tó wà níbẹ̀ láti ọjọ́ kìíní ti di 112. Ṣùgbọ́n 100 mílíọ̀nù ni àwọn oníbàárà kó wá lápapọ̀, 83.2 ló kù. Wọ́n ti pàdánù 16.8 mílíọ̀nù nínú àpò tó "jèrè". Èrè àpò yàtọ̀ sí èrè ẹni tó wà nínú àpò. Bí àwọn èèyàn bá ń wọlé lẹ́yìn ọdún ọ̀ṣọ́, tí wọ́n sì ń sá jáde nínú kòtò, bí àwọn oníbàárà ṣe ṣe sí Henry kí 2008 tó dé, àkọsílẹ̀ tó rẹwà jù láyé kò lè gbà wọ́n. Ẹ̀gbọ́n ní, "Ìyẹn ni pé èmi gan-an ni 90 mílíọ̀nù?" Mo ní ọdún tí wọ́n pe ẹ̀yin ni ká wò.

Ẹ máa fura sí ìpíndọ́gba náà. Àpò tó jèrè 50% lọ́dún kan, tó pàdánù 40% lọ́dún kejì, ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ èrè 5%. Owó yín ńkọ́? 100 di 150, 150 di 90.

Nípa àwọn ìwọ̀n tí wọ́n ń fi wé ara wọn, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Púpọ̀ nínú àkójọ nọ́ńbà òwò yìí, máníjà tó bá wù ló ń fi tirẹ̀ ránṣẹ́. Ẹni tó bá ń jèrè á kọ orúkọ sílẹ̀, á tún kó èrè ẹ̀yìn rẹ̀ wá. Ẹni tó bá wó, á dákẹ́. Ìpíndọ́gba àwọn tó kù nílẹ̀ ni ẹ ń kà, bí ìgbà tí wọ́n bá ń bi àwọn tó dé òkè Ìdànrè bóyá àtẹ̀gùn ibẹ̀ ṣòro gùn.

Kí wá ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an? Ní tèmi, agboòrùn ni, kì í ṣe oko. Ìdí kan ṣoṣo tó mọ́gbọ́n wá fún ẹni bí ẹ̀gbọ́n láti rà á ni pé ó sábà máa ń gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ nígbà tí ṣéà bá ń ṣubú. Nítorí náà, ìbéèrè tó kẹ́yìn lórí ìwé èrè ni pé: ní àwọn oṣù tí ṣéà ti burú jù, kí ni àpò yìí ṣe? Ẹ mú oṣù mẹ́wàá tó burú jù fún ṣéà, ẹ kọ ohun tí àpò náà mú wá sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Bí méjèèjì bá jọ ń ṣubú, agboòrùn tó ń jò lẹ fẹ́ san 2% lé lórí. Ẹ má sì retí iṣẹ́ ìyanu. Ká ní ní 2008 ẹnì kan fi 90% owó rẹ̀ sínú ṣéà, tó fi 10% sínú managed futures tó jèrè 13%, àdánù rẹ̀ á dín láti 37% sí 32%. Ká ní 20% ló fi síbẹ̀, ó dín sí 27%. Ó ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n aṣọ rẹ̀ ṣì tutù. Ìgbà míì sì wà tí agboòrùn náà máa ń yí padà mọ́ni lọ́wọ́: ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta 2023, lẹ́yìn tí báǹkì Silicon Valley wó, èlé bọ́ǹdì ọlọ́dún méjì Amẹ́ríkà já lójijì lọ́jọ́ kan tó bẹ́ẹ̀ tí irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ láti 1987. Bí èlé bọ́ǹdì bá já, iye tí wọ́n ń tà á ló ń gòkè, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó ń tẹ̀lé ọjà ti ta bọ́ǹdì tí wọn kò ní sílẹ̀ láti ọdún tó ṣáájú. Ọjọ́ díẹ̀ péré, èrè ọ̀pọ̀ oṣù ti lọ.

Ìdí nìyí tí ìwé tí kò ní oṣù àdánù kankan nínú fi yẹ kó dẹ́rù bà yín ju èyí tó ní lọ. Àwa tí a rí MMM tó dá owó èèyàn dúró ní oṣù Kejìlá 2016 kò nílò olùkọ́ lórí èyí. Madoff, gbájúẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń fi owó ẹni tuntun san ti ẹni àtijọ́, ilà tirẹ̀ náà tọ́ bí okùn aṣọ títí di oṣù Kejìlá 2008. Managed futures tòótọ́ máa ń pàdánù ní oṣù púpọ̀, díẹ̀díẹ̀, kó tó mú èrè ńlá kan wá lẹ́ẹ̀kan náà. Ní Amẹ́ríkà, ẹnikẹ́ni lè wá orúkọ máníjà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí BASIC, ìkànnì NFA, àjọ tí àwọn oníṣòwò futures ń forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, kó rí bóyá ó forúkọ sílẹ̀ àti bóyá wọ́n ti fìyà jẹ ẹ́ rí. Ẹ béèrè pẹ̀lú, ta ni owó wà lọ́wọ́ rẹ̀? Nígbà tí PFGBest, ilé-iṣẹ́ alágbàtà futures kan ní Amẹ́ríkà, wó ní 2012, ó hàn pé ọ̀gá ibẹ̀ ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ayédèrú ìwé báǹkì fún nǹkan bí ogún ọdún, owó oníbàárà tó lé ní 200 mílíọ̀nù dọ́là kò sì sí níbẹ̀ mọ́. Ní ti ẹni tó wà ní Nàìjíríà, SEC, àjọ tó ń ṣọ́ ọjà ìdókòòwò, ni kó bi. Kó sì tún yọ ìṣubú náírà kúrò nínú èrè rẹ̀, nítorí èrè tí dọ́là fúnra rẹ̀ mú wá kì í ṣe ti máníjà.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ẹ̀gbọ́n tún pè. Wọ́n ti gba ìwé nípọn náà, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ojú ewé. Mo ní kí wọ́n wá àtẹ nọ́ńbà kan tí òfin ní kó wà níbẹ̀, èyí tó ń sọ iye tí àpò gbọ́dọ̀ jèrè lọ́dún àkọ́kọ́ kí ẹni tó wọlé tó lè jáde pẹ̀lú owó tó gbé wá. Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣí ìwé. Wọ́n kà á, wọ́n tún un kà. "Kí n tó rí kọ́bọ̀ tèmi, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí tiwọn tó báyìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kí wọ́n wá kòtò tó jìn jù náà, ó yẹ kó wà nítòsí ibẹ̀, pẹ̀lú oṣù tó bẹ̀rẹ̀ àti oṣù tó parí. Wọ́n ní kí n dúró ná, lẹ́tà ibẹ̀ ti kéré jù, àwọn ń lọ mú awò ojú.